Ojú Kejì Àwo Selwyn Garside

Bí ẹnikẹ́ni ní Hull níbí bá sọ ìtàn Selwyn Garside fún yín, tó sì ní mítípáì mẹ́wàá ló kó lọ sí gbọ̀ngàn orin, irọ́ ni. Èmi ni mo sọ ọ́ di mẹ́wàá. Mo dá ìjì kún un, mo sì fi ajá kan sí i tí kò sí níbẹ̀ rárá, torí ìtàn tí kò bá ní ajá kì í dùn létí àwọn tó ń mu bíà. Èyí tí mò ń kọ yìí, mo ti lé ajá náà jáde. Márùn-ún ni mítípáì náà. Ó dá mi lójú, ó sì nídìí tó fi dá mi lójú.

Selwyn kì í ṣe èèyàn ńlá. Ọkọ̀ búrẹ́dì ló fi ọgbọ̀n ọdún àti díẹ̀ wà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìpẹja, imú rẹ̀ á ti wọ ilé ọtí tán kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Kò gbéyàwó. Òun àti Avril, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló ń gbé ilé tí ìyá wọn kú sí, ilé bíríkì pupa kan tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú omi, níbi tí èmi náà ti fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi la ikùn ẹja títí àwọn ológbò fi ń kí mi lójú pópó.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Selwyn wà lọ́mọ ogún ọdún, ó wà nínú ẹgbẹ́ olórin kan tí wọ́n ń pè ní Fèrèsé Tútù. Ọdún 1980 ni òun àti Rufus Cawthorne dá a sílẹ̀, wọ́n sì wá àwọn méjì mìíràn kún ara wọn, onígìtá kan àti onílù kan. Àsìkò yẹn, gbogbo ọ̀dọ́ apá òkè ilẹ̀ yìí ló ń lé tìróò, tí wọ́n ń wọ kóòtù tí bàbá bàbá wọn fi sílẹ̀, tí wọ́n sì ń kọrin bí ẹni tó ń júwe ibi tó ń dùn ún fún dókítà. Rufus ló ń kọrin. Selwyn ló ń tẹ dùrù kékeré oníná, ìka kan ṣoṣo ló sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn rò pé ó ń fi ṣe àrà ni. Rárá o. Ìka kan ṣoṣo náà ló mọ̀ ọ́n lò.

Síbẹ̀, ìka náà mọ iṣẹ́. Nínú àwo àkọ́kọ́ wọn, *Aṣọ Àgbàwọ̀*, orin kan wà tí ìka yẹn bẹ̀rẹ̀, dín-dín, dín, dín-dín, bí omi tó ń kán sínú garawa nílé ẹni tí kò rówó tún òrùlé ṣe. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó di ọ̀sẹ̀ kan kó tó jáde lórí yín.

Àwo yẹn kò tà. Àwọn aládùúgbò ìyá wọn ló rà á. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1983, ilé iṣẹ́ olórin kan ní London ní kí wọ́n wá ṣe èkejì. Wọ́n kó gbogbo ẹrù wọn sínú ọkọ̀, àwọn mẹ́rin àti awakọ̀, ó di márùn-ún. Nígbà tí wọ́n dé ilé epo kan lójú ọ̀nà márosẹ̀, Rufus ní ebi ń pa gbogbo wọn, kí Selwyn sáré wọlé lọ ra mítípáì. Selwyn sáré wọlé. Nígbà tó jáde, ó rí ibi tí ọkọ̀ dúró sí, kò rí ọkọ̀.

Ó dúró síbẹ̀ títí ọ̀rá mítípáì fi rin àpò ìwé náà ká. Ó rò pé wọ́n lọ rọ epo ni. Ó rò pé wọ́n lọ yí ọkọ̀ padà ni. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó ẹlẹ́dẹ̀ ló gbé e padà wálé. Ó dáa, kábéèjì ni ọkọ̀ náà kó, èmi ni mo kó ẹlẹ́dẹ̀ sí i. Ọjọ́ kejì ni ìyá Rufus wá sọ fún ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé kí wọ́n má bínú, àwọn ọmọ ti rí ẹlòmíì ní London, ẹni tó ń lo ìka mẹ́wàá.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Selwyn wọ ilé ọtí, ó gbé àyà sókè.

Ó ní, “Èmi ni mo ní kí wọ́n máa lọ. London kò bá mi lára mu.”

Gbogbo ilé ti gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Wọ́n ń káàánú rẹ̀, ẹ ò rí i? Èmi ni mo bi í pé, “Mítípáì yẹn ńkọ́, Selwyn? Ta ló jẹ ẹ́?”

Ilé ọtí wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ rẹ̀ di Mítípáì Márùn-ún. Bí ọkọ̀ kan bá kọjá lójú pópó, ẹnìkan á ké pé, “Mítípáì Márùn-ún, sáré o, ọkọ̀ rẹ ń lọ!” Selwyn á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló fi bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn dàgbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mu bíà, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ láìmọ ìdí.

Fèrèsé Tútù ṣe àwo kejì, *Àtẹ̀gùn Irin*. Lọ́dún 1985 wọ́n ṣe ẹ̀kẹta, *Iyọ̀ Lára Ògiri*. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n túká. Selwyn kò fọwọ́ kan àwo méjèèjì. Bí rédíò bá fẹ́ gbé orin wọn, á pa rédíò. Ilé rédíò kò kúkú fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Kò pẹ́ tí gbogbo ayé fi gbàgbé wọn.

Àfi ní àárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, lọ́dún 2016. Selwyn ń kó búrẹ́dì wọ ilé tíì kan nítòsí yunifásítì. Ọmọbìnrin tó ń nu tábìlì ń kùn lẹ́nu. Dín-dín, dín, dín-dín. Búrẹ́dì mẹ́fà bọ́ lọ́wọ́ Selwyn.

“Níbo lo ti gbọ́ orin yẹn?”

“Bàbá, gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ ọ. Fèrèsé Tútù ni. Àwọn ará ìgbàanì ni wọ́n.”

“Mo mọ̀ wọ́n.”

“Lóòótọ́? Mo rò pé wọ́n ti kú tán.”

Ó yẹ kó bínú, ṣùgbọ́n kò bínú. Ó gbé ọkọ̀ búrẹ́dì, ó di ọ̀dọ̀ Noreen Pickersgill, obìnrin tó ń ta àwo àtijọ́ nínú ọjà tí wọ́n kọ́ òrùlé bò. Noreen lè fi ojú kan wo àwo kó sọ iye ìgbà tí wọ́n ti lò ó àti irú èèyàn tó lò ó. Ó sọ fún Selwyn pé àwọn ọ̀dọ́ ti tún àwọn àwo náà hú jáde bí ẹni hú iṣu, pé wọ́n ń wá wọn láti Japan. Ó yá a ní síídì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Selwyn sì ń gbọ́ wọn nínú ọkọ̀ búrẹ́dì láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, lójú òpó kan náà tó ti ń tọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, nínú àwo kejì, ibi tó yẹ kí ìka òun bọ́ sí, òfìfo ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń lo ìka mẹ́wàá náà kò mọ ohun tó yẹ kó fi síbẹ̀.

Ó ní, “Wọ́n fi àyè mi sílẹ̀, Wilf. Bí àga ẹni tó lọ sójú ogun.”

Mo ní, “Tàbí bí àga ẹni tó lọ ra mítípáì.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín rẹ̀ pẹ́ kó tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa àwo. Bí orin bá parí lójú àwo, ibi kan wà tó dán, níbi tí abẹ́rẹ́ ti ń yí lásán kó tó kan ìwé àárín. Nígbà yẹn, àwọn ẹgbẹ́ olórin bíi tiwọn máa ń bẹ ẹni tó ń gé àwo pé kó fi abẹ́rẹ́ họ ọ̀rọ̀ kékeré kan síbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé e sábẹ́ iná kò lè rí i. Àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lójú kìíní, wọ́n á parí rẹ̀ lójú kejì, kí ẹni tó rà á lè yí i padà. Lára *Aṣọ Àgbàwọ̀*, Selwyn fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n họ ÌYÁ, A TI DÉ sí i. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n kọ ọ́ sí, torí ẹni tó ń gé àwo ti fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán. Nítorí náà, lọ́kàn Selwyn, ojú kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ máa ń wà.

Noreen ló sọ fún un pé, “O ti rí ohun tí wọ́n họ sára ẹ̀kẹta, àbí? Orúkọ rẹ wà níbẹ̀.”

“Orúkọ ta?”

“Tìrẹ nìyẹn. Má sọ fún mi pé o ò mọ̀.”

Oṣù mẹ́ta ni Noreen fi wá *Iyọ̀ Lára Ògiri* kan tó jẹ́ ti 1985 gan-an. Nígbà tó dé, ó gbé e sábẹ́ iná, ó fún Selwyn ní awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Selwyn tẹ̀ ba. Ó kà á. SELWYN PADÀ WÁ.

Lẹ́yìn náà ó gbá àwo mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, ó sáré jáde. Noreen ń ké tẹ̀ lé e pé, “Selwyn, dúró! Ojú kejì ńkọ́?” Selwyn kò gbọ́. Kò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀, àwọn ẹyẹ òkun sì jẹ búrẹ́dì apá àríwá ìlú lọ́jọ́ náà.

Ó dé ilé, ó ṣe férémù onídígí fún àwo náà, ó gbé e kọ́ ògiri yàrá ìgbàlejò. Ojú kìíní wò wá, ojú kejì dojú kọ ògiri. Lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ pè mí.

“Wò ó, Wilf. Fi awò yìí wò ó. Kí ló wà níbẹ̀?”

“Orúkọ rẹ.”

“Lẹ́yìn orúkọ mi ńkọ́?”

“Padà wá.”

Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n fi mí sílẹ̀ o! Láti ọdún 1985 ni wọ́n ti ń pè mí, tí mo sì ń gbé búrẹ́dì kiri bí òmùgọ̀.”

Avril dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń nu ọwọ́. “Kí ló dé tí wọn ò kọ lẹ́tà? Wọ́n mọ ilé yìí. Rufus Cawthorne ti jẹ oúnjẹ ìyá wa lórí tábìlì yìí títí bẹ́líìtì rẹ̀ fi já.”

“Olórin kì í kọ lẹ́tà, Avril.”

“Wọ́n máa ń ra sítáǹbù bíi tiwa.”

Wàyí o. Ọmọ mi obìnrin ra àwo yẹn nígbà tó jáde, ó sì wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn mi títí dòní. Mo ti ka ojú kejì rẹ̀ láti ọdún 1985. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà tí Selwyn yíjú sí mi pẹ̀lú omi lójú, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo rò ó pé, bí mo bá sọ ọ́ nísinsìnyí, èèyàn mẹ́ta ni yóò gbọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí mo bá jẹ́ kó dàgbà díẹ̀! Bí ẹ bá ti gbé pẹ̀lú mi pẹ́, ẹ mọ̀ pé n kì í já èso tí kò tíì pọ́n.

Ó sì pọ́n. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n lẹ ìwé mọ́ gbogbo ògiri ìlú pé Fèrèsé Tútù ti tún ara wọn kó jọ, wọ́n ń bọ̀ wá kọrin ní gbọ̀ngàn ńlá Hull, ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá. Selwyn dúró níwájú ìwé náà bí ẹni tó ń ka ìwé ìgbéyàwó ara rẹ̀.

“Mo máa lọ, Wilf. Mo máa bá wọn ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n tẹ orin yẹn ní ìlú mi, kí àwọn èèyàn rí i pé èmi ni mo ni ín. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá ní kí n bá wọn dé Japan, n ò ní í kọ̀.”

Ó sọ fún ilé búrẹ́dì pé òun máa fiṣẹ́ sílẹ̀ nípárí oṣù. Wọ́n gba ẹlòmíì lọ́sẹ̀ kan náà. Lójoojúmọ́ ló ń fi ìka kan ṣoṣo gbá orí tábìlì ilé ọtí, dín-dín, dín, dín-dín, tí bíà wa sì ń mì.

Èmi ni mo sọ fún un pé, “Wọn ò rí ọ fún ọgbọ̀n ọdún. O ti hu ewú, orí rẹ ti pá. Ṣé wọ́n á mọ̀ ọ́?”

“Wọ́n á mọ̀ mí.”

“Kó mítípáì márùn-ún dání. Tí wọ́n bá rí i, ẹ̀rín á pa wọ́n, ìjà á tán. Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin nìyẹn.”

Ó wò mí bí ẹni pé mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀run. “Wilf, o gbọ́n ju bí mo ṣe rò lọ.”

Avril kò rò bẹ́ẹ̀. Ó sin mí dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, ó di kọ́là mi mú.

“Wilf Naylor, ojú rẹ ń dán jù. Kí lo mọ̀ tí èmi ò mọ̀?”

“Kí ni mo fẹ́ mọ̀, Avril? Arúgbó ni mí.”

“Arúgbó ni ejò náà. Bí nǹkan kan bá ṣe ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dọ̀ rẹ ni màá wá.”

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà dé. Selwyn wọ kóòtù dúdú kan tó ti wọ̀ láyé ìgbà yẹn. Bọ́tìnnì kò pàdé mọ́. Ó lé tìróò díẹ̀ sójú. Avril ló bá a lé e. Mítípáì márùn-ún wà nínú àpò ìwé, tuntun láti ọ̀dọ̀ alápatà tó ń yan mítípáì tó dáa jù lójú ọ̀nà Hessle. Ó gbìyànjú láti gba ẹ̀yìn wọlé bá àwọn olórin, ẹ̀ṣọ́ ní orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Mo ní kó má ṣe wàhálà, kó bá mi jókòó síwájú, àyè á yọ.

Gbọ̀ngàn kún. Nílé ọtí, mo máa ń sọ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni. Ẹgbẹ̀rún kan ni, ó sì tó. Ìdajì wọn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Rufus jáde, ikùn rẹ̀ ṣáájú, ó pa irun láró. Dùrù kékeré oníná kan wà lórí tábìlì, kò sí ẹnìkankan nídìí rẹ̀. Selwyn fún apá mi. “Wò ó, Wilf! Wọ́n fi àyè sílẹ̀!”

Wọ́n kọrin fún wákàtí kan. Ó wá ku orin tó kẹ́yìn, orin tiẹ̀. Rufus sún mọ́ gbohùngbohùn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ké pé,

“SELWYN!”

Ẹgbẹ̀rún èèyàn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “PADÀ WÁ!”

N kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe èyí. Mo búra. Mo mọ ohun tó wà lára àwo, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ọ́ di ìpè àti ìdáhùn, pé níbi gbogbo tí wọ́n ti kọrin lọ́dún náà ni wọ́n ti ń ké e. Kí n tó yíjú, Selwyn ti dìde. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ọmọdé tí wọ́n pè wá gba ẹ̀bùn níwájú gbogbo iléèwé. Ó gun àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́, ó na àpò mítípáì síwájú, ó ń ké pé, “Mo ti dé! Rufus, mo ti dé!”

Rufus ò tíì rí i. Ó ké lẹ́ẹ̀kejì, “SELWYN!”

“PADÀ WÁ!”

“KÍ LÓ DÉ?” ni Rufus bi wọ́n.

Gbogbo gbọ̀ngàn sì fẹsẹ̀ kilẹ̀, wọ́n fi ohun tí wọ́n họ sójú kejì dáhùn: “EBI Ń PA WÁ!”

Selwyn dúró láàárín ìtàgé. Rufus yíjú, ó rí i, ó wo kóòtù, ó wo àpò ìwé tó ti ń rin fún ọ̀rá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, ó di ikùn mú.

“Ẹ̀yin èèyàn Hull,” ó sọ ọ́ sínú gbohùngbohùn, “n kò san owó fún èyí o. Selwyn gan-an nìyí! Ó sì gbé e wá!”

Ariwo tó sọ, mo rò pé òrùlé á ṣí. Selwyn sún mọ́ gbohùngbohùn, ohùn rẹ̀ kéré.

“Rufus, ẹ ní kí n padà wá. Ẹ kọ ọ́ sára àwo.”

“A kọ ọ́. O ò ka ojú kejì ni?”

“Èwo ni ojú kejì?”

“Selwyn, àwo ni. Ojú méjì ló ní. Gbogbo èèyàn ló ń yí i padà!”

Ẹ̀rín tún gba gbogbo ilé. Selwyn kò wo Rufus mọ́. Mo rí i tó ń wá ojú kan láàárín gbogbo ojú, ojú èmi ló ń wá. Ó rí i. Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀. Ẹ má béèrè ìdí tí n kò fi dá a dúró. Ọdún kan ni mo fi fún èso yẹn lómi.

Rufus kì í ṣe èèyàn burúkú tán. Ó di èjìká Selwyn mú, ó ní, “Wá, tẹ̀ ẹ́. Orin tìẹ ni.” Ó gbé e dé iwájú dùrù kékeré náà. Selwyn gbé mítípáì sílẹ̀, ó nu ìka rẹ̀ mọ́ kóòtù, ó tẹ̀ ẹ́.

Dín-dín, dín, dín-dín. Ó kún gbọ̀ngàn. Àwọn ọ̀dọ́ pariwo. Ìka Selwyn ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n orin náà kò gbọ̀n rárá. Ibi tó yẹ kó ti mọ̀ nìyẹn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ṣi ìka gbé, ó bọ́ sí ibòmíì, orin kò ṣìnà. Ó gbé ìka sókè pátápátá. Orin ń lọ. Dín-dín, dín, dín-dín. Ẹ̀rọ kan lẹ́yìn aṣọ ìtàgé ló ń kọ ọ́, ẹ̀rọ tó ti ń kọ ọ́ ní gbogbo ìlú. Wáyà dùrù náà wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tó sopọ̀ mọ́.

Ó dúró, ó gbé ìka sókè, ó ń gbọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kó mítípáì rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó rìn kọjá láàárín àwọn èèyàn tó ń gbá a léjìká, ó jáde. Mo ti sọ ọ́ nílé ọtí pé ó jí ọkọ̀ wọn gbé, ó fi gbogbo wọn sílẹ̀ ní Hull. Gbogbo èèyàn fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn. Kò ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé, òjò sì ń rọ̀.

Kò wá sílé ọtí lọ́jọ́ Sunday, kò wá lọ́jọ́ Monday. Ẹni tó gba iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé búrẹ́dì kọjá, ẹnìkan sì ké pé, “Mítípáì Márùn-ún, ọkọ̀ rẹ ń lọ!” kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ọjọ́ Wednesday ni Avril wá kan ilẹ̀kùn mi.

“Dìde. Ó ń pè ọ́.”

“Ara rẹ̀ ńkọ́?”

“Mo ní dìde.”

Selwyn jókòó sí yàrá ìgbàlejò. Ó ti yí férémù padà. Ojú kejì ló wò mí láti ara ògiri. Awò rẹ̀ wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n n kò nílò awò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mítípáì márùn-ún wà nínú abọ́, àwọn tó gbé lọ sí gbọ̀ngàn. Ọ̀rá ti dì lára wọn. Ọ̀kan ti ń hu irun díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Jókòó, Wilf.”

Mo jókòó. Avril ti ilẹ̀kùn, ó sì dúró níwájú rẹ̀.

“Ìgbà wo lo ti mọ̀?”

Mo fẹ́ parọ́. Ẹ ò lè mọ bí ó ti ń ṣe mí tó. Mo ti ní irọ́ mẹ́ta lẹ́nu, ọ̀kan dára ju èkejì lọ. “Láti ọdún 1985,” ni mo sọ.

Ó mi orí. Ó ti abọ́ sí iwájú mi.

“Ebi ń pa ọ́.”

Kò fi í ṣe ìbéèrè. Mo wo Avril, Avril wò mí. Mo mú èyí àkọ́kọ́. Ó tutù bí ẹja inú yìnyín, ẹran inú rẹ̀ ti ń fà. Mo jẹ ẹ́. Selwyn ń fi ìka kan gbá orí tábìlì pẹ̀lẹ́, ó ń dúró dè mí. Mo jẹ èkejì. Omi ń bọ́ lójú mi, mo béèrè omi, kò sẹ́ni tó bu omi. Mo jẹ ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo gbé ẹ̀kẹrin mì, mo gbá ẹnu mú, òógùn bò mí.

Selwyn mú ìkarùn-ún, ó fi ìwé wé e dáadáa bí ẹni wé ẹ̀bùn, ó gbé e sórí pẹpẹ lábẹ́ férémù.

“Ọ̀kan kù,” ó ní. “Padà wá lọ́la.”

Mo lè jókòó sílé. Wọn ò lè fi okùn fà mí. Gbogbo òru ni mo fi ń bì, ọmọ mi sì fẹ́ pe dókítà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, mo wọ kóòtù mi, mo lọ kan ilẹ̀kùn fún ìkarùn-ún. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ iye wọn.